Ẹni tí Kò Fẹ́ kí Símónì Ran Òun Lọ́wọ́

Igi ìrókò ló wà léjìká Súnkànmí lọ́jọ́ tí Fẹ́yìsetán kọ́kọ́ rí i. Adé tí wọ́n fi ẹ̀gún igi ọsàn hun wà lórí rẹ̀, òógùn sì ń ṣàn lójú rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á jáde nínú odò. Ọjọ́ Ẹtì Rere ni, lójú títì tó ti Ayégbajú wọ Òyè, oòrùn ọ̀sán sì ti mú kí ọ̀dà ilẹ̀ máa lẹ̀ mọ́ bàtà.

Ọdọọdún ni ìjọ Kátólíìkì àgbègbè náà máa ń rin Ọ̀nà Àgbélébùú báyìí. Àwọn ọ̀dọ́ ni í ṣe é. Ẹnì kan á ṣe Jésù, àwọn kan á ṣe sójà, àwọn obìnrin á máa sunkún bọ̀ lẹ́yìn, gbogbo ìjọ á máa kọrin, wọ́n á sì máa dúró ní ibùdúró kọ̀ọ̀kan láti gbàdúrà. Ẹni tí wọ́n bá mú láti ṣe Jésù á ti gba gbogbo ààwẹ̀ Lẹ́ńtì láìbù jẹ. Lọ́dún yẹn, nígbà tí ọ̀rúndún tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, Súnkànmí ni wọ́n mú. Àgbẹ̀ oníṣu ni, ó gùn, ó dúdú, ó sì gbà pé kò sí ẹrù tí òun ò lè gbé.

Fẹ́yìsetán ni wọ́n ní kó ṣe Ferónikà, obìnrin tó fi aṣọ nu ojú Olúwa. Iṣẹ́ rẹ̀ ò pọ̀ rárá. Kó sáà dúró síwájú ilé bàbá rẹ̀ tó wà létí títì, kó mú ìborùn funfun dání, kó máa retí ibùdúró kẹfà.

Ní ibùdúró karùn-ún ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ibẹ̀ ni Símónì ará Kírénè ti máa ń jáde láàárín èrò láti bá Jésù gbé igi rẹ̀. Ọláyínká ọlọ́kadà ni Símónì, ọ̀rẹ́ Súnkànmí láti kékeré. Ọláyínká jáde, ó di àgbélébùú mú, ṣùgbọ́n Súnkànmí ò fi í sílẹ̀. Ọláyínká fà á, Súnkànmí fà á padà. Olùkọ́ ìjọ tó ń kàwé sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn tún ibẹ̀ kà pé Símónì bá a gbé e. Ó tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i, ohùn rẹ̀ sì ti ń le. Àwọn obìnrin tó ń sunkún fi gèlè bo ẹnu, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Níkẹyìn, Ọláyínká káwọ́ lẹ́yìn, ó ń tẹ̀ lé Jésù bí ẹni tó wá ṣèbẹ̀wò.

Kò pẹ́ púpọ̀. Ẹsẹ̀ Súnkànmí kọ òkúta, ó sì ṣubú, kì í ṣe ìṣubú tí wọ́n ti jọ fi kọ́ra. Orúnkún rẹ̀ là, ẹ̀gún ọsàn gún un níwájú orí, igi náà sì dà lé e lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ Fẹ́yìsetán gan-an ló ṣubú sí.

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó fi ìborùn nù ún lójú. Ẹ̀jẹ̀ gidi ló rí lára aṣọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sọ ọ́ sí i létí wẹ́lẹ́.

"Ta ló ní kí o dá a gbé?"

"Mo ti sọ fún wọn pé mo lè dá a gbé," ni Súnkànmí dá a lóhùn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"O ti dá a gbé. Òun náà ti gbé ọ ṣánlẹ̀."

Ẹ̀rín já mọ́ Súnkànmí lẹ́nu. Jésù ń rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ Ẹtì Rere, nínú ẹ̀jẹ̀ àti erùpẹ̀, lójú gbogbo ìjọ. Ọ̀kan nínú àwọn sójà yára fi okùn nà án, kó lè panu mọ́. Bó ṣe dìde tó ń tiro lọ, kì í ṣe orúnkún rẹ̀ ló ń rò. Ojú ọmọbìnrin náà ló ń rí.

*

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé Àjíǹde, Súnkànmí wá dá ìborùn tó mú lọ lọ́jọ́ náà padà. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti tún un fọ̀, àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀ náà ò lọ tán. Ó ní òun wá tọrọ gàfárà aṣọ ni. Ẹ má dá a lóhùn, ká ní aṣọ náà mọ́ bí ojú ọ̀run, yóò ṣì wá nǹkan mìíràn tọrọ gàfárà lé lórí.

Bàbá Fẹ́yìsetán ló bá níwájú ilé, lórí àga onírọ̀gbọ̀kú. Bàbá Tíṣà ni gbogbo ìlú ń pè é. Òun ni olùkọ́ ìjọ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí àìsàn tó dé, òun gan-an ló sì kọ́kọ́ kó àwọn ọ̀dọ́ jáde láti máa rin Ọ̀nà Àgbélébùú lójú títì. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá ọ̀tún rẹ̀, ó sì ti wọ́ ẹnu rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ pé, ojú rẹ̀ sì mú.

Ó wo Súnkànmí láti òkè délẹ̀.

"Uwọ lo gbé àgbélébùú lọ́jọ́ sí?"

"Èmi ni, sà."

"Jésù alára jẹ́ kí Símónì bá òun gbé e. Ṣé uwọ fẹ́ ju Jésù lọ ni?"

Súnkànmí na ìborùn náà sí i. Ó dojú bolẹ̀. Láti inú ilé ni ó ti gbọ́ tí ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín, ó sì mọ̀ pé Ferónikà ni. Ojú tì í, inú rẹ̀ sì dùn, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Bó ṣe di ará ilé nìyẹn. Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn Mísà, á wá fá irùngbọ̀n Bàbá Tíṣà, á jókòó tì í, wọ́n á máa jiyàn lórí ọ̀rọ̀ iṣu àti ọ̀rọ̀ Bíbélì. Fẹ́yìsetán fún un lórúkọ, ó ń pè é ní Adágbé. Òun náà kò yéé pe Fẹ́yìsetán ní Ferónikà mi. Bí ọmọbìnrin náà bá bu omi fún un, á ní, "Adágbé, ṣé kí n bá ọ gbé ife náà, àbí wàá dá a gbé?" Bàbá Tíṣà á rẹ́rìn-ín títí itọ́ á fi máa jáde létí ẹnu rẹ̀, Fẹ́yìsetán á sì rọra nù ún. Ìgbà tí Súnkànmí rí ọwọ́ tó fi nù ún yẹn ló mọ̀ pé òun ò ní lè fẹ́ ẹlòmíràn.

Ìtàn ọmọbìnrin náà ò gùn. Ó ti wà lọ́dún kejì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni ní Ìkẹ́rẹ́ nígbà tí àìsàn kọlu bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Adébáyọ̀, wà ní Kàdúná. Ó ní òun á máa wá lóṣooṣù láti bá a tọ́jú bàbá wọn. Ó wá, ó tún wá, lẹ́yìn náà wọn ò rí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Fẹ́yìsetán di ẹrù rẹ̀ kúrò ní Ìkẹ́rẹ́, ó wálé, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ òun àti bàbá rẹ̀.

Láti ìgbà náà, òun nìkan ló ń wẹ bàbá rẹ̀, òun ló ń gbé e sùn, òun ló ń gbé e dìde. Sẹ̀ríyà, ìyá Mùnírà, aládùúgbò wọn tó ń ta ọṣẹ àti iyọ̀, a máa ní kí ó jẹ́ kí òun jókòó ti Bàbá kó lè sinmi. Fẹ́yìsetán á dúpẹ́, á ní òun ti ṣe é tán. Àwọn ìyá ìjọ a sì máa tọ́ka sí i níwájú àwọn ọmọ wọn. Wọ́n ní ẹni tó ń gbé àgbélébùú rẹ̀ láìkùn nìyẹn, ibi tí ìtẹ́ rẹ̀ wà lọ́run, ọ̀tọ̀ ni. Ìyìn dùn, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ó máa ń rẹ ọmọbìnrin náà dé eegun, ṣùgbọ́n bí ó bá rántí ọ̀rọ̀ wọn, á tún dìde.

*

Ẹ̀bá kànga ni Súnkànmí ti la ẹnu rẹ̀, nígbà tí àgbàdo tuntun ti ń kúrò lóde. Ó ti gba okùn lọ́wọ́ Fẹ́yìsetán, ó ń bá a fa omi.

"Fẹ́yì, mo fẹ́ fẹ́ ọ. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kó gùn."

Fẹ́yìsetán gbé korobá tó ti kún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ," ni ó wí. "Mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n bàbá mi ni àgbélébùú tí Ọlọ́run gbé lé mi lọ́wọ́, Olúwa ò sì sọ̀ kalẹ̀ lórí tirẹ̀."

"Ta ló ní kí o sọ̀ kalẹ̀? Jẹ́ kí n wá bá ọ gbé e ni mo wí."

"Rárá. Ẹrù mi ni."

Súnkànmí fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Nínú àwa méjèèjì, ta wá ni Adágbé báyìí?"

Fẹ́yìsetán ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun náà sọ bẹ́ẹ̀ rí pé òun á bá a gbé e. Ó ní nígbà tí òun nìkan ń gbé e, òun mọ bó ṣe wúwo tó, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹnì kan bá òun gbé e tí ó sì sọ ọ́ sílẹ̀, ọjọ́ náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òun àti bàbá òun. Ó gba okùn padà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fa omi tó kù fúnra rẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ó ti fi ẹ̀rù náà ṣe ẹ̀sìn, kò sì mọ̀.

Súnkànmí lọ sílé, ó ro ọ̀rọ̀ náà títí, ó sì ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ilẹ̀ Èkìtì ti ṣe ṣáájú rẹ̀. Ó bẹ ọ̀wẹ̀.

Ẹni tó bá mọ àgbègbè náà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá fẹ́ fẹ́ ọmọ èèyàn, á kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sóko bàbá ọmọ náà, wọ́n á bá a kọ ebè. Wọn kì í sọ̀rọ̀ ìyàwó lójú oko. Bí wọ́n bá gún iyán fún wọn láti ilé ìyàwó, a jẹ́ pé wọ́n ti gbà á ní àna. Bí wọn ò bá gún iyán, wọ́n á ti ebi lọ sílé, kò sì sí ẹni tí yóò tún bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè.

Oko Bàbá Tíṣà kò jìnnà sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó sì ti di igbó láti ìgbà tí àìsàn ti dé. Ní òpin òjò àrọ̀kúrò, Súnkànmí kó wọn lọ: Ọláyínká, Bàsítì tí wọ́n jọ ń dáko tó ti mọ́sáláṣí wá bá wọn, àti àwọn mìíràn nínú ẹgbẹ́ àáró wọn. Ó ti sọ fún Bàbá Tíṣà, bàbá sì ti mi orí. Fẹ́yìsetán ni kò sọ fún. Ó rò pé bí ó bá rí ebè tó tò lọ bẹẹrẹ, ọkàn rẹ̀ á rọ̀. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, Fẹ́yìsetán dé ojú oko. Ó wo ebè. Ó wo àwọn ọkùnrin tí òógùn bò. Orí rẹ̀ gbóná, nítorí ó dà bíi pé wọ́n já ilẹ̀kùn tó tì wọlé.

"Súnkànmí," ó wí, ohùn rẹ̀ ò le, "mi ò gún uyán lónìí."

Gbogbo ọkọ́ ló dúró. Bàsítì ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ha erùpẹ̀ lára ọkọ́ rẹ̀. Àwọn yòókù ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan láìwo ojú ara wọn. Súnkànmí kọ ebè tó ti bẹ̀rẹ̀ parí, ó fi ẹ̀yìn ọkọ́ gbá a kó dúró dáadáa, ó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ó sì lọ. Ìdajì oko náà ló kù láìkọ.

Ní Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, kò wá fá irùngbọ̀n. Fẹ́yìsetán fá a fúnra rẹ̀, ó sì gé bàbá rẹ̀ létí díẹ̀. Ọmọbìnrin náà wọ inú yàrá lọ, ó sunkún, ó sì fi ẹkún náà kún àgbélébùú rẹ̀.

*

Ọyẹ́ ti dé, ọdún Kérésì sì ti ń kan ilẹ̀kùn, nígbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Fẹ́yìsetán ti wẹ bàbá rẹ̀ tán ní ẹ̀yìnkùlé, ó fẹ́ gbé e dìde lórí àpótí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń dùn ún fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bó ṣe gbé e sókè, nǹkan kan fà tu nínú ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ṣubú lulẹ̀ pọ̀ lórí sìmẹ́ńtì tó tutù.

Ó gbìyànjú láti dìde, kò lè dìde. Bàbá rẹ̀ ṣubú lé e lẹ́sẹ̀. Ó ti ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé láti inú, bó ṣe máa ń ṣe. Ó la ẹnu láti pe Sẹ̀ríyà, ó sì tún pa á dé, nítorí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí wọn bẹ́ẹ̀.

Bàbá Tíṣà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ó dáa bí a ti ṣubú yìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ìgbà tí o máa jókòó tì mí."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe àwàdà."

Bàbá ní òun ò ṣe àwàdà. Ó ní òun ti ránṣẹ́ sí àbúrò òun obìnrin ní Ìdó pé kó wá gbé òun lọ lẹ́yìn ọdún. Òun á lọ gbé nínú yàrá kan lọ́dọ̀ rẹ̀, kí Fẹ́yìsetán lè lọ sílé ọkọ.

Ẹkún gba Fẹ́yìsetán lẹ́nu. Ó ní ilé yìí ni bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ, inú rẹ̀ ni wọ́n ti gbé ìyá òun jáde, inú rẹ̀ ni bàbá ti sọ pé òun á kú sí.

"Mo mọ̀," ni bàbá wí. "Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi fẹ́ fi sílẹ̀ fún ọ. Ọwọ́ mi ò gbé nǹkan mọ́, ẹsẹ̀ mi ò rìn. Kí ni mo tún ní tí mo lè fún ọmọ mi?"

Ó fa èémí. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn tó fi ń kọ́ ìjọ láyé àtijọ́ ló jáde lẹ́nu tó wọ́ náà.

"Ọdọọdún ni o ń tẹ̀ lé àgbélébùú, Fẹ́yì, o sì rò pé ùrora náà ló gbà wá là. Kì í ṣe ùrora. Ùfẹ́ ni. Ọ̀nà tí ùfẹ́ gbà kọjá ni ùrora wà. Bí o bá ń gbé mi torí pé o fẹ́ràn mi, jẹ́ kí ẹlòmíì tó fẹ́ràn mi gbé mi pẹ̀lú rẹ. Bí o bá kọ̀, a jẹ́ pé kì í ṣe èmi lo ń gbé mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Fẹ́yìsetán lára ju sìmẹ́ńtì tó tutù lọ. Ó rántí àwọn ìyá ìjọ, ó rántí ìtẹ́ tí wọ́n ní wọ́n ti tò sílẹ̀ dè é, ojú sì tì í. Ó rántí Adébáyọ̀ náà, ó sì rí i pé òun ti ń fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan jẹ gbogbo ayé níyà. Ó gbé orí sókè, ó sì ṣe ohun tó le jù fún un láti ìgbà tó ti kúrò ní Ìkẹ́rẹ́.

"Ìyá Mùnírà! Ẹ gbà wá o!"

Sẹ̀ríyà dá a lóhùn láti òdìkejì ògiri. Ó rí i pé ilẹ̀kùn wà ní títì, kò sì lè fo ògiri. Ó sáré bọ́ sí títì, Ọláyínká ló rí lórí ọkadà rẹ̀. Ọláyínká náà mọ ẹni tó yẹ kó lọ gbé wá. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ kan fi yọ lórí ògiri ẹ̀yìnkùlé, èkejì tẹ̀ lé e, Súnkànmí sì bọ́ sílẹ̀, ó ń tiro, nítorí orúnkún ọjọ́ Ẹtì Rere kò tíì san tán.

Kò sọ ju ẹ pẹ̀lẹ́ lọ. Ó gbé bàbá, ó fi aṣọ bò ó, ó gbé e lọ sórí ibùsùn. Ó padà wá gbé ọmọbìnrin náà. Ó ṣílẹ̀kùn fún Sẹ̀ríyà, ìyẹn sì wọlé pẹ̀lú omi gbígbóná àti òróró ìpara. Lẹ́yìn náà ni Súnkànmí mú bàtà rẹ̀, ó fẹ́ máa lọ.

"Adágbé," ni Fẹ́yìsetán pè é.

Ó dúró.

"Ẹ̀yìn mi ò gbé nǹkan mọ́. Ta ni yóò gbé Bàbá sùn lálẹ́ òní?"

"Ta lo fẹ́ kó gbé wọn?"

"Ìwọ."

Súnkànmí fi bàtà sílẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹlẹ́rù ló ń gbé ẹrù ká tó bá a ké ọ̀fẹ. Ó ti pẹ́ tí Fẹ́yìsetán ti ń gbé ẹrù, ọjọ́ náà ló tó jẹ́ kí ẹnì kan ké ọ̀fẹ, kó sì bá a gbé e.

*

Ibi tí wọn yóò gbé ló wá di ọ̀rọ̀. Bàbá Tíṣà ní òun á lọ sí Ìdó. Súnkànmí ní bàbá ò lọ síbì kankan, òun ni òun á kó wá. Ìyá Súnkànmí gbọ́, ó ká ọwọ́ lérí. Ó ní ta ló gbọ́ ọ rí, kí ọkùnrin tó lé ní ọgbọ̀n ọdún di ẹrù lọ sílé àna. Ní ìsọ̀ ẹlẹ́mu, wọ́n ń pe Súnkànmí ní ọkọ tí wọ́n gbé níyàwó. Ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn ún.

Fẹ́yìsetán bi í bóyá kò ní rẹ̀ ẹ́.

"Á rẹ̀ mí," ni ó wí. "Bó bá rẹ̀ mí, màá pè ọ́. Bó bá rẹ ìwọ náà, ká pe Ìyá Mùnírà. Mi ò ṣèlérí pé kò ní rẹ̀ mí, olólùfẹ́ mi. Mo ṣèlérí pé mi ò ní lọ."

Ìlérí yẹn ló tu Fẹ́yìsetán lára. Ìlérí ńláńlá ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ṣe fún un tẹ́lẹ̀. Ní ti ìyá Súnkànmí, ó wá sílé náà lọ́jọ́ kan láti wá bá Bàbá Tíṣà jà, ó sì bá ọmọ rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ tó ń gé èékánná bàbá náà. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní kí Súnkànmí rọra ṣe àtàǹpàkò ẹsẹ̀ yẹn, kó má gé e wọnú ẹran. Kò tún dá ọ̀rọ̀ ilé àna sílẹ̀ mọ́.

Nígbà tí Ọjọ́ Ẹtì Rere tún yípo, Súnkànmí fúnra rẹ̀ ló bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi òun ṣe Símónì. Ọláyínká ni wọ́n fi ṣe Jésù. Ní ibùdúró karùn-ún, kí olùkọ́ ìjọ tó kà á délẹ̀, Ọláyínká ti ju igi náà sí i léjìká.

Lẹ́yìn Àjíǹde, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ dáadáa. Ẹgbẹ́ àáró padà sí oko Bàbá Tíṣà láti kọ ìdajì tó kù, ẹnikẹ́ni ò sì mẹ́nu kan èyí tó kọjá. Wọ́n ti kọ ebè díẹ̀ nígbà tí ìró odó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, ó ń dún kì, kì, kì. Bàsítì gbé orí sókè, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé o gbọ́?" Súnkànmí gbọ́. Ó tẹ̀ mọ́ ọkọ́, ó ń kọ ebè lọ, omijé sì ń bá òógùn ṣàn lójú rẹ̀.

Fẹ́yìsetán fúnra rẹ̀ ló gbé iyán náà wá, Sẹ̀ríyà ru ọbẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó kúnlẹ̀ sójú poro, ó gbé àwo síwájú Súnkànmí. "Ẹ kú uṣẹ́ o, ọkọ mi," ó wí, gbogbo oko sì hó yèè.

*

Oṣù kọkànlá ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Orí àpáta ni ṣọ́ọ̀ṣì wọn wà, àtẹ̀gùn òkúta ni wọ́n ń gbà gun un. Bàbá Tíṣà ti fi yé gbogbo èèyàn pé òun fúnra òun ni òun á fa ọmọ òun lé ọkọ lọ́wọ́ níwájú pẹpẹ. Súnkànmí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú kóòtù rẹ̀ tuntun, ó ní kí bàbá gun òun lẹ́yìn.

Ìjọ dúró lókè, wọ́n ń wo ọkọ ìyàwó tó pọn bàbá ìyàwó. Fẹ́yìsetán ń tẹ̀ lé wọn, aṣọ funfun rẹ̀ ń gbá ilẹ̀. Wọ́n gun àtẹ̀gùn dé ìdajì. Ibẹ̀ ni orúnkún Súnkànmí ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Gbogbo èèyàn rí i. Àwọn kan nínú àwọn ìyá ìjọ ti ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé ọkùnrin ni, á gbé e dókè, àwọn mọ̀ ọ́n.

Súnkànmí dúró. Ó mí kanlẹ̀.

"Ọláyínká," ó pè é, "jọ̀ọ́, wá bá mi gbé wọn."

Ọláyínká sọ̀ kalẹ̀ kíá, ó gba bàbá lápá kan. Bàbá Tíṣà fi ọwọ́ òsì rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ gbá Súnkànmí lórí pẹ́pẹ́.

"Ó ti wá yé ọ," ni ó wí.

Wọ́n jọ gbé e gun ìyókù àtẹ̀gùn. Lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, kí Fadá tó jáde sí wọn, Fẹ́yìsetán dá ọkọ rẹ̀ dúró. Ó fa ìborùn kan yọ láàárín òdòdó tó mú dání, ìborùn funfun tí àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀ wà létí rẹ̀, ó sì fi nu òógùn ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jọ wọlé.